Iye Tí Ẹnìkan Dá: Òfin Àwọn Ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà Lórí Akẹ́rù-Ilé àti Lórí Owó-Orí Ilẹ̀ Ìdáàbòbò

Ìfáàrà

 Mo mọ̀ pé ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dúró síhìn-ín láti sọ̀rọ̀ lórí òfin. Àwáwí mi kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ ni òfin. Ọ̀rọ̀ náà sì ni iṣẹ́ mi. Ẹni tí ó ti ń bi ìtàn léèrè láti ọjọ́ pípẹ́ pé ta ni ó ń sọ ọ́, ta ni a ń sọ ọ́ fún, kí sì ni èrè asọ̀tàn, kò ní ṣàì bi ìwé òfin ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Oríṣi òfin méjì tí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀kan jẹ mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bá ènìyàn kó ẹrù láti ilé kan sí òmíràn, àwọn tí n ó máa pè ní akẹ́rù-ilé. Èkejì jẹ mọ́ ìdínkù owó-orí fún onílẹ̀ tí ó bá fi ọwọ́ sí ìwé pé a kì yóò sọ ilẹ̀ òun di àdúgbò ilé mọ́ láéláé, kí igbó, odò tàbí oko tí ó wà níbẹ̀ lè máa wà bẹ́ẹ̀. Ní ojú lásán, àwọn méjèèjì kò jọra. Ẹrù ń lọ, ilẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá ka àwọn òfin náà pọ̀, a ó rí i pé ọ̀ràn kan náà ni ó bí wọn: iye owó tí a dá lé nǹkan ṣáájú, tí ó sì jẹ́ pé ẹni tí yóò jèrè nínú rẹ̀ ni ó dá a, tàbí ẹni tí ó bẹ̀ lọ́wẹ̀. Akẹ́rù a máa dá iye tí ó kéré jù. Onílẹ̀ a máa dá iye tí ó pọ̀ jù. Ìtàn bí àwọn ìpínlẹ̀ ṣe fi ojú winá kí wọ́n tó mọ èyí ni mo fẹ́ sọ.

Ìdí tí ọ̀ràn náà fi kan ìpínlẹ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí òfin wọ̀nyí fi jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ní ọdún 1887 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó òwò ọkọ̀ ojú irin tí ó ń kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ní 1935, a fi ọkọ̀ akẹ́rù ojú títì kún iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà. Láti ìgbà náà ni a ti pín in báyìí: ọkọ̀ tí ó bá kọjá ààlà ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ni ó ni í, èyí tí kò bá kọjá ààlà, ìpínlẹ̀ ni ó ni í.

Ní 1994, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ gba ọ̀pọ̀ nínú agbára yìí lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ máa pàṣẹ iye tí ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbà tàbí ọ̀nà tí yóò gbà mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹrù ilé sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Oníṣòwò tí ń fi ọjà ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ akẹ́rù, ó mọ iye, ó sì lè fi ẹni tí ó bá rẹ́ ẹ jẹ sílẹ̀ kí ó lọ bá ẹlòmíràn. Ẹni tí ń kó kúrò nílé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láyé rẹ̀, gbogbo ohun tí ó ní ni ó sì ń kó sínú ọkọ̀ àjèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àtijọ́ yẹn kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí ọdún 1995, ojú tí ń ṣọ́ akẹ́rù láti òkè dínkù, ẹrù inú ìpínlẹ̀ sì kù sí ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀.

Ti ilẹ̀ tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ ni ó ń sọ ohun tí nínilẹ̀ jẹ́. Ìjọba àpapọ̀ lè dín owó-orí kù fún onílẹ̀, ṣùgbọ́n bóyá àdéhùn tí ó ṣe lónìí yóò de ẹni tí yóò ra ilẹ̀ náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, òfin ìpínlẹ̀ ni ó lè sọ ọ́.

Ẹrù tí ó ti wọ ọkọ̀

Bí a ṣe ń ṣírò owó ẹrù ni gbòǹgbò wàhálà. Bí ọ̀nà bá jìn, ìwọ̀n ẹrù àti jíjìn ọ̀nà ni a fi ń mọ owó. A ó gbé ọkọ̀ lófìfo sórí òṣùwọ̀n. A ó tún gbé e síbẹ̀ nígbà tí ẹrù bá kún inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ìwọ̀n ẹrù. Èyí túmọ̀ sí pé a kò lè mọ iye owó gan-an àfi lẹ́yìn tí ẹrù bá ti kúrò nílé. Ohun tí akẹ́rù sọ ṣáájú, àbá lásán ni.

Inú àlàfo yìí ni arẹ́nijẹ wọ̀. Ó dá iye tí ó kéré kí a lè yàn án. Nígbà tí ẹrù ti wọ ọkọ̀ tán, tí ilé àtijọ́ ti ṣófo, tí a sì ti dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà, ó ní ẹrù wúwo ju bí òun ṣe rò lọ, iye náà sì di ìlọ́po. Bí oníǹkan kò bá san án lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ kò ní já ẹrù. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ibùsùn ọmọ wà nínú ọkọ̀, oògùn àgbàlagbà wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí gbogbo wà níbẹ̀. Nínú àṣà àtijọ́ tiwa, a mọ ológò tí ń lọ dógò ti ajigbèsè. Ṣùgbọ́n a ti jẹ gbèsè ná kí ológò tó wọlé. Akẹ́rù yìí ń dógò lórí gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ.

Ìjọba àpapọ̀ gbìyànjú. Òfin ọdún 1980 gbà kí akẹ́rù lè dá iye tí yóò de òun fúnra rẹ̀. Fún iye tí kò de akẹ́rù, ìlànà ni pé bí ẹrù bá dé, oníǹkan yóò san ìdá 110 nínú 100 iye tí a kọ́kọ́ dá, akẹ́rù yóò sì já ẹrù. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, yóò béèrè rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Ìlànà dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò mú un ṣẹ? Ní oṣù kẹta ọdún 2001, iléeṣẹ́ tí ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ ìjọba fún àwọn aṣòfin àpapọ̀ kọ ìwé pé ìṣọ́ tí ìjọba ń ṣe lórí òwò yìí kò tó. Ní 2003, ìjọba àpapọ̀ pe àwọn akẹ́rù kan ní gúúsù Florida lẹ́jọ́ lórí irú ìwà yìí. Ní 2005 ni òfin wá sọ pé ẹni tí ó bá fi ẹrù ilé ṣe ìdógò yóò san owó ìtanràn tí kò dín ní 10,000 dọ́là, ó sì lè lọ sí ẹ̀wọ̀n. Òfin ọdún náà fi nǹkan méjì mìíràn kún un. Àkọ́kọ́, akẹ́rù tí kò jìnnà sí ilé oníǹkan gbọ́dọ̀ fi ojú rí ẹrù kí ó tó díye lé e, àfi bí oníǹkan bá fi ọwọ́ sí ìwé pé kò pọn dandan. Èkejì, àwọn agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ lè pe akẹ́rù tí ó ń kọjá ààlà lẹ́jọ́. Nípa báyìí, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ gbà pé ojú ìpínlẹ̀ sún mọ́ ilé ju ojú òun lọ.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́. California ti ní òfin akẹ́rù-ilé láti 1951. Níbẹ̀, akẹ́rù gbọ́dọ̀ kọ iye kan sínú ìwé tí owó kò gbọdọ̀ kọjá. Bí a bá sì san iye náà, ẹrù di jíjá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2018, a gbé ìṣọ́ òwò náà kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó iná mànàmáná àti ọkọ̀, a gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan tí ń bójú tó ẹrù ilé àti ohun èlò ilé.

Òfin Florida, tí a ṣe ní 2002, ni ó wù mí jù láti kà. Ó ní kí akẹ́rù forúkọ sílẹ̀, kí ó fúnni ní iye àti àdéhùn lórí ìwé, kí ó sì já ẹrù bí a bá ti san iye tí oníǹkan fi ọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ń múni dúró: bí ó ti wù kí ọ̀ràn owó rí, akẹ́rù kò gbọdọ̀ dá oògùn tí dókítà kọ fúnni dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dá àga, aṣọ tàbí ohun ìṣeré àwọn ọmọdé dúró. Ẹni tí ó kọ gbólóhùn yìí ti gbọ́ ẹkún ẹnìkan. A kì í jókòó lásán nínú ọ́fíìsì kí a ronú kan ohun ìṣeré ọmọdé.

Ilẹ̀ tí kò kúrò lójú kan

Ẹ jẹ́ kí a yí ojú sí ilẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, bí ìlú ńlá ti ń fẹ̀, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lẹ́bàá ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé owó-orí ilẹ̀ òun ń ga. Kì í ṣe pé oko ń mú èrè wá jù ti tẹ́lẹ̀. Ìjọba ni ó ń díye lé ilẹ̀ náà bí ẹni pé ilé ti wà lórí rẹ̀. Maryland ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin, ní 1956, pé iye tí ilẹ̀ jẹ́ gẹ́gẹ́ bí oko ni kí a fi gba owó-orí rẹ̀. Florida ṣe tirẹ̀ ní 1959.

Ṣùgbọ́n irú òfin bẹ́ẹ̀ kò de onílẹ̀. Ó lè jẹ ìdínkù owó-orí fún ogún ọdún kí ó tó ta oko fún akọ́lé. Nítorí náà ni a fi wá ọ̀nà mìíràn: onílẹ̀ yóò pa ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, yóò máa gbé ibẹ̀, yóò sì lè tà á tàbí kí ó fi í jogún, ṣùgbọ́n yóò yọ ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo kúrò lára rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ di àdúgbò ilé. Yóò gbé ẹ̀tọ́ yìí fún ìjọba tàbí fún ẹgbẹ́ kan tí ń dáàbò bo ilẹ̀, àwọn yóò sì máa ṣọ́ ọ. Òfin ìbílẹ̀ tí Amẹ́ríkà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn kí ẹni tí ilẹ̀ tirẹ̀ kò bá ti ẹlòmíràn pààlà ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀ títí láé. Ìpínlẹ̀ ni ó ní láti ṣe òfin tuntun. Virginia ṣe tirẹ̀ ní 1966. Ní 1981, ìgbìmọ̀ tí ń kọ àpẹẹrẹ òfin fún àwọn ìpínlẹ̀ gbé àpẹẹrẹ kan jáde, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Kí ni onílẹ̀ yóò rí gbà? Láti 1964 ni iléeṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀ ti gbà pé irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọrẹ, tí a lè yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tí a ń gba owó-orí lé. Ní 1980, àwọn aṣòfin sọ èyí di òfin tí kò ní gbèdéke, wọ́n sì ní àdéhùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ayérayé. Àwọn ìpínlẹ̀ fi tiwọn kún un. North Carolina ni ó kọ́kọ́ ṣe èyí ní 1983. Virginia àti Colorado tẹ̀ lé e nígbà tí ọdún 2000 wọlé. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda yìí kò wúlò fún àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tí owó tí ń wọlé fún un kò tó nǹkan, nítorí owó-orí tí ó ń san fún ìpínlẹ̀ kéré. Nítorí náà, Colorado àti Virginia gbà kí ó ta ìyọ̀ǹda náà fún ẹlòmíràn tí owó-orí tirẹ̀ pọ̀. Àánú wà nínú èyí. Ọjà sì wà nínú rẹ̀.

Iye ilé tí a kò kọ́

Báwo ni a ṣe ń mọ iye ẹ̀tọ́ tí onílẹ̀ yọ̀ǹda? A ó díye lé ilẹ̀ bí ó ti rí kí àdéhùn tó wà. A ó tún díye lé e lẹ́yìn àdéhùn. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni iye ọrẹ. Bí a ti ṣe wọn ọkọ̀ akẹ́rù nìyẹn, lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ọkọ̀ jẹ́ irin, òṣùwọ̀n ti ilẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Adíyelé gbọ́dọ̀ fi ojú inú wo ilé tí ì bá wà níbẹ̀, ọ̀nà tí ì bá wọ ibẹ̀, àti àwọn tí ì bá rà á. Mo mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa: iṣẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni. Kò sí aburú nínú àròsọ. Aburú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí onílẹ̀ ni ó ń san owó fún asọ̀tàn, tí ó jẹ́ pé bí ìtàn bá ti dùn tó ni owó-orí yóò ti dínkù tó, tí ìjọba tí yóò ru ẹrù náà kò sì sí níbi tí a ti ń sọ ọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Colorado rí èyí kedere. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí ìjọba fi ṣàkíyèsí pé iye tí àwọn kan dá lé ilẹ̀ ga ju ohun tí ọgbọ́n lè gbà. Ní 2008, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé kí adíyelé máa fi ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba, ó sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa gba ìjọba nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí a ti ṣe ti wà nílẹ̀. Iléeṣẹ́ owó-orí padà sẹ́yìn, ó kọ ìyọ̀ǹda ọ̀pọ̀ onílẹ̀, ó sì béèrè owó náà pẹ̀lú èlé. Nínú wọn ni àwọn ẹlẹ́tàn wà. Nínú wọn náà ni àwọn àgbẹ̀ wà tí wọ́n gba adíyelé oníwèé-ẹ̀rí, tí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ibi tí ó dunni jù ni pé bí a tilẹ̀ kọ ìyọ̀ǹda wọn, àdéhùn ayérayé dúró lórí ilẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀, ohun tí a ṣèlérí fún wọn kò sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bí ti ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ni ọ̀ràn tiwọn rí: ohun ini ti kúrò lọ́wọ́ kí iye tó yanjú.

Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2014 ni Colorado ti yí ìlànà padà. Onílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kí ó tó lo ìyọ̀ǹda. Ní 2018, a dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ní 2019 sì ni òfin mìíràn yan àwọn ènìyàn láti wo ohun tí a lè ṣe fún àwọn tí a kọ ìyọ̀ǹda wọn, àti bóyá ọ̀nà mìíràn wà láti díye lé irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà rí tirẹ̀. Àwọn olókòwò kan ń kó owó jọ láti ra ilẹ̀, wọ́n ń díye ńlá lé ẹ̀tọ́ tí wọ́n yọ̀ǹda, wọ́n sì ń pín ìdínkù owó-orí láàárín ara wọn. Ní ìparí 2016, iléeṣẹ́ owó-orí kéde pé òun ń ṣọ́ irú òwò bẹ́ẹ̀. Ní ìparí 2022, òfin wá sọ pé bí iye ìyọkúrò bá ju ìlọ́po méjì àbọ̀ owó tí àwọn alájọṣe náà fi sílẹ̀ lọ, a kì yóò gbà á, àyàfi ní àwọn ipò díẹ̀.

Florida, níbi tí méjèèjì ti pàdé

Mo tún padà sí Florida, nítorí pé iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ kan náà ni a forúkọ akẹ́rù sílẹ̀ sí níbẹ̀ tí ó sì ń bójú tó ètò ìdáàbòbò ilẹ̀ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 2001: iléeṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà. Nínú ètò yìí, ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ra ẹ̀tọ́ kíkọ́lé lọ́wọ́ àgbẹ̀. Olùrà àti olùtà jókòó ṣáájú ara wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn ará Florida dìbò láti tún ìwé òfin ìpínlẹ̀ wọn ṣe, ìbò náà sì kọjá ìdá 60 nínú 100 tí ó pọn dandan. Láti 2010, ilẹ̀ tí a bá yà sọ́tọ̀ títí ayé fún ìdáàbòbò nìkan kò san owó-orí ilẹ̀ rárá. Èyí tí a bá gbà kí a máa ṣòwò díẹ̀ lórí rẹ̀ ń san ìdajì. Ní gbogbogbòò, ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tó 40 éékà. Ẹ kíyè sí ohun tí ó yí padà. A kò béèrè iye ilé tí ì bá wà níbẹ̀. Éékà ni a ń kà, ìlò ilẹ̀ ni a ń wò, àwọn tí ń bójú tó iye ilẹ̀ ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ìbò yàn. Ẹnìkan lè sọ pé onílẹ̀ kò rí owó ńlá gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí gbà kò sinmi lórí ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ sanwó fún.

Ìgúnlẹ̀

Kí ni mo rí nínú gbogbo èyí? Lọ́jà tiwa, ìdúnàádúrà ni a fi ń mọ iye: olùtà dá a, olùrà bù ú, títí ẹnu wọn yóò fi kò. Akẹ́rù-ilé àti ìyọ̀ǹda ilẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ìdúnàádúrà. Nínú ti àkọ́kọ́, oníǹkan wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò mọ ìwọ̀n. Nínú ti èkejì, àwùjọ tí yóò san owó náà kò sí níbẹ̀ rárá. Ní ọ̀nà méjèèjì, ìpínlẹ̀ ní láti di ẹnu kejì.

Àwọn òfin tí ó ṣe dáadáa kò dúró di ọjọ́ ìjà. California ní kí a kọ iye tí owó kò gbọdọ̀ kọjá kí ọkọ̀ tó kó ẹrù. Colorado, lẹ́yìn ìyà, ní kí a gba ìwé ẹ̀rí kí a tó lo ìyọ̀ǹda. Èyí tí ó bá dúró di ẹ̀yìn lè jẹ ẹlẹ́tàn níyà, ṣùgbọ́n kò lè dá ilẹ̀ tí a ti dè padà fún àgbẹ̀ tí kò tan ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá oru tí ọmọ sùn sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé gbólóhùn orí ohun ìṣeré ọmọdé nínú òfin Florida ju ọ̀ṣọ́ lọ. Aṣòfin tí ó kọ ọ́ mọ̀ pé òfin tiwọn lè má tètè dé, ó sì yọ àwọn ohun tí kò lè dúró dè é sọ́tọ̀.